Efua Sutherland: Tíṣà tó sọ àlọ́ di ìwé, tó sọ ìtàgé di kíláàsì

Ní ọdún 1967, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ti Amẹ́ríkà gbé kámẹ́rà wọn dé Ekumfi Atwia, abúlé àwọn Fante kan lórílẹ̀èdè Ghana.

Araba: The Village Story ni wọ́n pe fíìmù tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe ogun, kì í ṣe ìyàn, kì í sì í ṣe òṣèlú ló gbé wọn débẹ̀. Ilé kan ni wọ́n wá wò, èyí tí àwọn ará abúlé náà kọ́ fún àlọ́ pípa.

Kodzidan lorúkọ ilé náà, ìyẹn ilé ìtàn ní èdè Fante. Ẹni tó bá wọn ronú rẹ̀, tó sì dúró tì wọ́n títí tó fi di òótọ́, ni Efua Theodora Sutherland, tíṣà, òǹkọ̀wé àti adarí eré orí ìtàgé.

Lónìí, ọ̀pọ̀ tíṣà ní Áfíríkà ló ń fi fíìmù orí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kọ́ ọmọ ní kíláàsì. Àwọn òbí kan gbà pé ó ń ṣiṣẹ́, àwọn mìíràn ní eré lásán ni.

Ṣùgbọ́n kí fóònù tó dé ni obìnrin yìí ti ń bá ìbéèrè tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà jà ní Accra: báwo ni ẹ̀kọ́ ṣe máa wọ ọmọ lára tó bá jẹ́ pé ohun àjèjì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, tí wọn kò sì fún un láyè láti fèsì?

Ọmọ tí ìyá àgbà tọ́

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1924 ni wọ́n bí i ní Cape Coast, ìlú etí òkun tó ti fìgbà kan jẹ́ olú ìlú Gold Coast kí Accra tó gbà á. Theodora Efua Morgue lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ náà bọ́ sí, ìdí nìyí tó fi ń jẹ́ Efua. Láàárín àwọn Fante àti àwọn Akan yòókù, ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ ló ń fún un lórúkọ, bí ìgbà tí Yorùbá bá ń pe ọmọ ní Táíwò, Ìgè tàbí Òjó nítorí bó ṣe wáyé.

Kò tíì pé ọmọ ọdún kan tí ìyá rẹ̀, tó ṣì kéré gan-an lọ́jọ́ orí, fi kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Ìyá ìyá rẹ̀, Araba Mansa, ló gbà á tọ́. Búrẹ́dì ni ìyá àgbà yìí ń ṣe tà, owó búrẹ́dì náà ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà ọmọ.

Ọmọ tó bá dàgbà lọ́wọ́ ìyá àgbà kì í sábà ṣaláìní ìtàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìwé wá.

Ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí iléèwé St. Monica's ní Mampong, nílẹ̀ Ashanti, níbi tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Áńgílíkà ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ tíṣà. Ìgbésí ayé wọn wù ú débi pé ó ronú fúngbà díẹ̀ láti di ọ̀kan nínú wọn. Àmọ́ iṣẹ́ tíṣà ló mú ní ọ̀kúnkúndùn. Ó ṣe tíṣà ní Mampong fún ọdún mélòó kan kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní ọ̀hún, ó kàwé nípa ètò ẹ̀kọ́ ní Homerton College, Cambridge, lásìkò tí obìnrin Áfíríkà níbẹ̀ kò ju ẹni tí a lè fi ìka kà lọ. Lẹ́yìn náà ló lọ sí iléèwé SOAS ní London, níbi tó ti kọ́ nípa ìmọ̀ èdè.

Ní ọdún 1951, ó padà sílé.

Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ yìnyín fún ọmọ etí òkun

Ó tún di tíṣà, ní iléèwé gíga Fijai ní Sekondi àti ní St. Monica's tó ti jáde. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ lásìkò náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń wá. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń pẹja á jókòó, á máa ka ìtàn yìnyín tó ń bọ́ lójú ọ̀run àti ti ọmọdé tó ń jókòó sídìí iná nínú òtútù. Ó lè kà á já láìṣìṣe, kí tíṣà sì fún un ní máàkì tó pọ̀. Ṣùgbọ́n kò rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì rí ìyá rẹ̀.

Ẹni tó bá kàwé nílẹ̀ Yorùbá láyé ọjọ́un kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ọ̀pọ̀ ló kọ́ orúkọ òdòdó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí kó tó mọ orúkọ ewé tó wà lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀.

Sutherland kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọdún 1951 náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé tọkàntọkàn, nítorí kò rí èyí tó tọ́ fún àwọn ọmọ àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tíṣà ló sọ ọ́ di òǹkọ̀wé.

Accra, ìlú tí sinimá ti ń ṣe tíṣà

Òótọ́ ni pé ìjọba amúnisìn náà ti mọ̀ pé ìwé nìkan kò lè kọ́ àwọn ènìyàn. Láti nǹkan bí ọdún 1940 ni ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ sinimá ti ń káàkiri Gold Coast.

Ọkọ̀ náà á dé abúlé nírọ̀lẹ́, wọ́n á ta aṣọ funfun, tọmọdé tàgbà á sì pé jọ. Fíìmù ìmọ́tótó, ti iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìròyìn ogun ni wọ́n máa ń fi hàn. Ẹnì kan á wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á máa fi èdè àwọn ará ibẹ̀ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń rí.

Ní ọdún 1948, Colonial Film Unit, ẹ̀ka tó ń ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ṣí iléèwé kan sí Accra láti kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà níṣẹ́ fíìmù. Àwọn ọmọ Gold Coast àti ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n jọ jókòó níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Sam Aryeetey, tí orúkọ rẹ̀ ṣì máa padà wá nínú ìtàn yìí.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n dá Gold Coast Film Unit sílẹ̀. Ní 1952, ẹ̀ka yìí gbé The Boy Kumasenu jáde, fíìmù nípa ọmọkùnrin kan tó kúrò ní abúlé apẹja wá sí Accra, tí ìyà ìlú ńlá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Sean Graham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló darí rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Sutherland máa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀, fíìmù kì í ṣe ohun tuntun gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ní Ghana. Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó nínú ọ̀nà náà: sinimá kì í gbọ́ ohun tí òǹwòran ń sọ.

Fíìmù tó dé látọ̀dọ̀ ìjọba á sọ tẹnu rẹ̀, á parí, ọkọ̀ á sì lọ. Ọmọ tó wò ó lè rẹ́rìn-ín, ó lè bẹ̀rù, àmọ́ kò lè yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀.

Àlọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń pàlọ́ nílẹ̀ Yorùbá, apàlọ́ kò ní lè bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ kò bá tíì dá a lóhùn. Bí orin bá dé, àwọn ló ń gbè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlọ́ Ananse rí láàárín àwọn Akan. Bí apàlọ́ bá ń lọ lórí ìtàn, ẹni tó ń gbọ́ lè dá a dúró, kó dá orin tó bá ibẹ̀ mu, kí gbogbo agbo sì gbè é. Mboguo ni wọ́n ń pe orin bẹ́ẹ̀.

Orí èyí ni Sutherland kọ́ gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ lé.

Láti Tsito dé Accra

Ní ọdún 1954, ó fẹ́ Bill Sutherland, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún àlàáfíà àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ láti dá iléèwé kan sílẹ̀ ní Tsito, ní agbègbè Volta. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí.

Nígbà tí Ghana gba òmìnira lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1957, gbogbo ènìyàn ń wá ohun tí orílẹ̀èdè tuntun náà nílò. Àwọn kan ń wá ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn mìíràn ń wá ìsédò fún iná mànàmáná. Ní tirẹ̀, òǹkọ̀wé àti ìtàgé ló ń wá.

Ọdún náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Ghana sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó léwájú. Lẹ́yìn náà ló kó àwọn òṣèré jọ fún ẹgbẹ́ eré kan tí wọ́n fi ń dán ọ̀nà tuntun wò. Owó díẹ̀ wá láti ọwọ́ Rockefeller Foundation ní Amẹ́ríkà, ìrànlọ́wọ́ sì tún wá nílé.

Ní ọdún 1961, Ààrẹ Kwame Nkrumah ṣí Ghana Drama Studio ní Accra.

Ilé náà kò jọ gbọ̀ngàn eré ti òyìnbó. Wọ́n ṣe é bí agbo ilé, tí ojú ọ̀run ń wo àgbàlá rẹ̀, kí òṣèré àti òǹwòran lè wà ní ojúkojú. Ẹni tó bá mọ agbo ilé Yorùbá, níbi tí wọ́n ti ń pàlọ́ lábẹ́ òṣùpá, á mọ ohun tí ilé náà fẹ́ ṣe láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un.

Ananse àti Ìjàpá: ẹbí kan náà

Joe de Graft, òǹkọ̀wé eré mìíràn, ló di adarí Drama Studio. Òun ló kọ Ananse and the Gum Man, eré nípa Ananse aláǹtakùn tó díbọ́n pé òun kú kó lè máa jẹ irè oko ní òun nìkan, títí tí wọ́n fi ṣe ère tí wọ́n fi àtè kùn sínú oko, tó sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Yorùbá tó bá gbọ́ ọ á rẹ́rìn-ín. Ìjàpá náà lẹ̀ mọ́ ère alátè lóko olóko nínú àlọ́ tiwa. Aṣọ ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ̀, ọ̀kánjúwà kan náà ni.

Ní ọdún 1968, Sam Aryeetey, akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé fíìmù Accra ti 1948, sọ eré yìí di sinimá. No Tears for Ananse ni àkọlé rẹ̀. Iléèwé tí amúnisìn dá sílẹ̀ láti ṣe fíìmù ẹ̀kọ́ ló kọ́ ọmọ náà níṣẹ́, àmọ́ orí ìtàgé ọmọ Ghana ló ti rí ìtàn tó fẹ́ sọ.

Sutherland fúnra rẹ̀ ló gbé Ananse débi tó ga jù. Ó pe irú eré tó dá sílẹ̀ ní Anansegoro, ìyẹn eré tó ti inú àlọ́ Ananse jáde. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni The Marriage of Anansewa, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1975.

Nínú eré náà, ìyà òṣì ti jẹ Ananse tó. Ó ní kí ọmọ rẹ̀, Anansewa, jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kó tẹ lẹ́tà sí ọba mẹ́rin, ó sì ṣe bíi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló máa fẹ́ ọmọ náà. Owó àti ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nígbà tí gbogbo wọn fẹ́ wá gbé ìyàwó, ó ní kí ọmọ díbọ́n pé òun kú. Ìwà tí ọba kọ̀ọ̀kan hù sí ìròyìn ikú náà ló fi mọ ẹni tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ lóòótọ́.

Apàlọ́ kan wà lórí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó ń bá àwọn òǹwòran sọ̀rọ̀. Orin mboguo náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó wá wòran di ẹni tó ń dá sí i.

Ọ̀pọ̀ iléèwé ní Áfíríkà ló ti fi eré yìí ṣe ìwé lítíréṣọ̀. Bí tíṣà bá fi kọ́ ọmọ, kò nílò láti sọ fún un pé owó orí ìyàwó lè sọ ọmọ ènìyàn di ọjà. Ọmọ á ti rí i.

Foriwa, ìtàn ìlú tí kò fẹ́ àlejò

Eré rẹ̀ mìíràn, Foriwa, le ju àwàdà lọ. Ó ti kọ́kọ́ jẹ́ ìtàn kúkúrú, New Life at Kyerefaso, kó tó di eré.

Kyerefaso jẹ́ ìlú tó ti ń sùn. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún ìbílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sọ pé àwọn fẹ́ ìgbé ayé tuntun, síbẹ̀ ohunkóhun kò yí padà. Ayaba ìlú náà rí i, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Foriwa, sì rí i pẹ̀lú. Ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ni Labaran, ọ̀dọ́kùnrin Hausa tó kàwé, tí àwọn ará ìlú ń wò bí àjèjì.

Ìbéèrè tí eré náà gbé kalẹ̀ ni pé: ta ló ni ìlú, ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, àbí àlejò tó ń tún un ṣe?

Ọdún 1967 ni wọ́n tẹ ìwé Foriwa jáde. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló wà lára àwọn tó di ẹrù wọn. Àwọn kan ti ń tajà láti ọjọ́ pípẹ́ ní Accra, Kumasi àti àwọn ìlú kéékèèké, àwọn ọmọ wọn kò sì mọ ilé mìíràn. Ní Accra, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nítorí àwọn àlejò wọ̀nyí, kó tó di Accra New Town.

Eré orí ìtàgé kò dá òfin náà dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé tó bá ka Foriwa lẹ́yìn 1969 mọ̀ pé ẹnì kan nílẹ̀ rẹ̀ ti béèrè ìbéèrè náà ṣáájú.

Ìwé àwòrán fún ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà

Àwọn ọmọ kéékèèké ni Sutherland kò gbàgbé rí. Ó mọ̀ pé ojú ọmọ ń kàwé kí ẹnu rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Willis Bell, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Accra, ni wọ́n jọ ṣe ìwé Playtime in Africa. Bell ya àwòrán àwọn ọmọ Ghana níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, Sutherland sì kọ ọ̀rọ̀ sí i. Àwọn méjèèjì tún jọ ṣe The Roadmakers, ìwé àwòrán nípa orílẹ̀èdè tuntun náà.

Lójú òde òní, ìwé àwòrán lè dà bí ohun kékeré. Àmọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní Accra lọ́dún 1962, láti ṣí ìwé kó sì rí ọmọ tó jọ ọ́ tó ń ṣe eré tí òun náà ń ṣe, ohun tuntun gbáà ni.

Ní 1968, ó tẹ Vulture! Vulture! àti Tahinta jáde, eré kúkúrú méjì fún àwọn ọmọdé. Àtẹ́wọ́, ìlù, ègbè àti ijó ló gbé wọn ró. Tíṣà kò nílò ìtàgé, kò nílò aṣọ eré, kò sì nílò iná mànàmáná. Kíláàsì kan àti ọmọ tó fẹ́ ṣeré ti tó.

Àkókò náà ló tún dá ẹgbẹ́ òṣèré arìnrìnàjò kan sílẹ̀, Kusum Agoromba. Wọn kì í jókòó sí Accra de òǹwòran. Wọ́n ń lọ bá àwọn ọmọ àti àgbà ní iléèwé, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń ṣeré ní èdè Akan àti Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó bá rántí bí Hubert Ogunde àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn nílẹ̀ Yorùbá á mọ irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ogunde pàápàá gbé eré rẹ̀ dé Gold Coast nígbà ayé rẹ̀.

Atwia: nígbà tí gbogbo abúlé di kíláàsì

Atwia ni ibi tí èrò rẹ̀ ti so èso jù. Abúlé náà gbajúmọ̀ fún àlọ́, àwọn àgbà ibẹ̀ sì mọ ọ́n pa débi pé Sutherland lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn.

Kò ti Accra gbé ẹ̀kọ́ lọ fún wọn, wọ́n ló ní in. Ohun tí wọn kò ní ni ilé tí wọ́n lè máa lò, tí àwọn ọmọ wọn á sì máa rí gẹ́gẹ́ bí ohun iyì. Àwọn ará abúlé náà ló fi ọwọ́ ara wọn kọ́ Kodzidan.

Ìdí nìyí tí fíìmù ABC ti 1967 fi ṣe pàtàkì. Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ sinimá ló máa ń gbé ẹ̀kọ́ wá fún abúlé láti òkèèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, kámẹ́rà ló wá kọ́ ẹ̀kọ́ ní abúlé, kó lè lọ fi han àwọn ará òkèèrè. Araba tí wọ́n fi pe fíìmù náà sì ni orúkọ ìyá àgbà tó fi owó búrẹ́dì tọ́ Efua ní Cape Coast.

Auntie Efua ní Legon

Láti ọdún 1963, ó di olùwádìí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà ní Yunifásítì Ghana, Legon. Drama Studio náà bọ́ sábẹ́ yunifásítì. Èyí ràn án lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní oṣù Kejì ọdún 1966, nítorí iṣẹ́ náà kò bá Nkrumah lọ.

Auntie Efua ni ọ̀pọ̀ ń pè é, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń pe obìnrin tó ju ni lọ ní Àǹtí. Ama Ata Aidoo, tó di ọ̀kan lára àwọn òǹkọ̀wé obìnrin tó lórúkọ jù ní Áfíríkà, bá a ṣiṣẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Maya Angelou, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tó gbé ní Accra láàárín ọdún 1962 sí 1965, rí ọ̀rẹ́ àti alábàárò nínú rẹ̀ nígbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ ṣe ọmọ rẹ̀.

Ó tún wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé Afram Publications sílẹ̀, kí ìwé ọmọ Ghana lè máa ti Ghana jáde.

Láti ọdún 1983 sí 1990, òun ni alága àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ní Ghana. Ọdún 1983 yìí le fún Ghana: ọ̀dá dá, oúnjẹ wọ́n, Nàìjíríà sì lé ọ̀pọ̀ ọmọ Ghana padà sílé. Síbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ibi ìkàwé àti ibi ìṣeré fún ọmọdé.

Àwọn kan lè rò pé ibi ìṣeré kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbà tí ebi ń pa ìlú. Èrò tirẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ọdún máa fi di 1990, Ghana ni orílẹ̀èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé. Ọgbà àwọn ọmọdé kan ní Accra sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ilé tí wọ́n wó

Ohun tó dun ọ̀pọ̀ ènìyàn jù nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ nígbà tó ti dàgbà.

Ìjọba Ghana fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn eré ńlá kan fún orílẹ̀èdè, ilẹ̀ Ṣáínà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n yàn fún un ni ibi tí Drama Studio wà. Wọ́n wó agbo ilé tí Nkrumah ṣí ní 1961, National Theatre sì dìde síbẹ̀. Ní òpin ọdún 1992 ni wọ́n ṣí i.

Ilé tuntun náà rẹwà, ó ga, gbogbo ènìyàn ló sì ń yà á ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n àgbàlá tí apàlọ́ àti òǹgbọ́ ti ń wo ojú ara wọn kò sí mọ́. Wọ́n kọ́ ilé mìíràn tó jọ ọ́ sí ọgbà Yunifásítì Ghana ní Legon, orúkọ Sutherland ni wọ́n sì fi pè é.

Tíṣà kọ́ ni wọ́n wó ilé rẹ̀ yìí nìkan. Ọ̀nà ìkọ́ni kan ni wọ́n ṣí nípò, láti àárín ìgboro lọ sínú ọgbà yunifásítì. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń kọjá lọ ní Accra lè kọjá níwájú National Theatre lọ́jọ́ gbogbo láìmọ̀ pé agbo àlọ́ kan ti wà níbẹ̀ rí.

Sutherland kú ní Accra ní oṣù Kìíní ọdún 1996. Ẹni ọdún 71 ni.

Ohun tó fi sílẹ̀

Àwọn iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kò bá a kú. Ìwé àbá kan tó kọ ní 1980, pé kí wọ́n máa fi eré sọ ìtàn Áfíríkà ní Cape Coast, ló di PANAFEST, àjọ̀dún tó ń kó àwọn ọmọ Áfíríkà láti ibi gbogbo jọ sí etí òkun tí wọ́n ti kó ẹrú lọ rí. Ọdún 1992 ni wọ́n ṣe èyí tó kún rẹ́rẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní 1997, wọ́n dá Mmofra Foundation sílẹ̀ ní Accra láti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọdé lọ. Mmofra túmọ̀ sí àwọn ọmọdé ní èdè Akan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, Esi Sutherland-Addy, di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Legon.

Lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2018, Google fi àwòrán rẹ̀ sí ojú ìwé rẹ̀ láti ṣàmì ọjọ́ ìbí rẹ̀ kẹrìnléláàádọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló jẹ́ pé ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Tíṣà tó bá fẹ́ fi fíìmù kọ́ ọmọ lónìí, ì báà jẹ́ ní Accra, ní Ìbàdàn tàbí ní Porto-Novo, ní ohun èlò tí Sutherland kò ní. Fóònù kan ṣoṣo lè gbé fíìmù tó pọ̀ ju èyí tí gbogbo ọkọ̀ sinimá Gold Coast gbé lọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀ rọrùn láti gbìyànjú. Kí tíṣà yan fíìmù tí ọmọ lè rí ilé rẹ̀ nínú rẹ̀. Kó dá a dúró lágbede méjì, kó béèrè ohun tí ọmọ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. Nígbà tó bá parí, kí àwọn ọmọ dìde, kí wọ́n fi ara wọn ṣe é, kí wọ́n yí ìparí rẹ̀ padà bó bá ṣe wù wọ́n.

Bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò jẹ́ pàlọ́ fún ọmọ tí kò dáhùn.